"Ta Ni Bàbá Ẹ Nílẹ̀ Yìí?": Bí Owó Ilẹ̀ Ṣe Ń Tú Ọ̀rẹ́ Ká

Àwọn àgbà ló ní ogún ọmọdé kì í ṣeré f'ógún ọdún. Ikú, ìrìn-àjò àti ọ̀rọ̀ obìnrin la sábà máa ń rò pé ó ń tú irú eré bẹ́ẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ní Ajíbọ́dẹ àti àwọn abúlé tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ohun mìíràn ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ ni. Ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n jọ dẹ̀gbẹ́, tí wọ́n dúró ti ara wọn nígbà ìgbéyàwó àti nígbà ìsìnkú, yóò jí lọ́jọ́ kan, ọ̀kan yóò sì bi èkejì pé, "Ta ni bàbá ẹ nílẹ̀ yìí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé owó ló ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé owó ti sọ ìtàn ìdílé, èyí tí àwọn bàbá wa rọra bò mọ́lẹ̀, di ọjà tí ènìyàn lè tà.

Ẹni tó bá mọ Ajíbọ́dẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn Yunifásítì Ìbàdàn ló wà, kò sì jìnnà sí IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967. Nígbà tí yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún 1948, oko ni agbègbè yìí. Ta ni yóò bi ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ léèrè ìtàn baba ńlá rẹ̀? Lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ́lé síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, láti ọdún 2021 sì ni ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó ti ń gúnlẹ̀ sí Mọ́níyà. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n tẹ́lẹ̀ ni awọnlẹ̀ ń fi ẹ̀rọ wọ̀n báyìí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ́. Ká pe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjì ní Lágbájá, ká pe èkejì ní Tàmẹ̀dò. Ìdílé Lágbájá ni onílẹ̀. Bàbá bàbá Tàmẹ̀dò dé bí àlejò, wọ́n gé ilẹ̀ fún un, ó sì ń dáko. Lọ́dọọdún, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀: epo kèrègbè kan, iṣu díẹ̀, bóyá àkùkọ kan nígbà ọdún. Nígbà tó kan àwọn bàbá wọn, àárín wọn ti dán mọ́rán débi pé onílẹ̀ kò pè é ní ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá gba epo, òun náà á di ẹran ìgbẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà. Ojú àwọn ọmọ ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe, wọ́n sì rò pé ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò parọ́. Àpọ́nlé ló bo ìtàn náà mọ́lẹ̀. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ìwà tó dára jù lọ láàrin àwọn bàbá wa, òun náà ló sì wá dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ wọn.

Àwọn bàbá kú. Tàmẹ̀dò ta pulọ́ọ̀tì méjì, nítorí ó gbà tọkàntọkàn pé ogún bàbá òun ni. Lágbájá gbọ́ láti ẹnu ẹni tó rà á. Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ṣeé parí nílé. Ṣùgbọ́n lójú baálẹ̀ àti gbogbo èrò, Lágbájá la ẹnu: "Ìwọ̀fà ni bàbá bàbá ẹ! Ọwọ́ tó fi ń san èlé owó ló fi kọ́kọ́ kan ilẹ̀ yìí." Báwo ló ṣe mọ̀? Tàmẹ̀dò fúnra rẹ̀ ló sọ fún un lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn, lálẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì nìkan wà.

Tàmẹ̀dò jẹ̀bi pé ó tà láìsọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Lágbájá burú jù, lójú tèmi. Owó pulọ́ọ̀tì méjì ṣeé dá padà tàbí kí wọ́n pín in. Kò sí bí wọ́n ṣe máa dá àṣírí tí gbogbo abúlé ti gbọ́ padà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ irú mi kò mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ọmọ bíbí inú ìdílé rẹ̀ ni. Ẹni tó yá owó ni, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, tó ń fi iṣẹ́ oko san èlé títí wọn yóò fi dá ojú owó padà. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò dín gbèsè náà kù rárá, ìyẹn ló fi ń pẹ́ níbẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Òkú tí wọ́n fẹ́ sin tàbí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gbé lè sọ ilé tó níyì di ilé tó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Kí ni ìtìjú inú kí ènìyàn san gbèsè rẹ̀?

Ká tiẹ̀ ní ẹrú ni. Ìlú ológun ni Ìbàdàn. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877 kò tú ká tán títí di 1893. Àwọn tí wọ́n kó lógun ló ń ro oko àwọn olóyè. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà tó kú lọ́dún 1874 ní oko ńláńlá àti ẹrú púpọ̀. Àtọmọdọ́mọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà láàrin wa, orúkọ agboolé tó gbà wọ́n ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ na ìka sí ìdílé ẹlòmíràn n'Íbàdàn, kó kọ́kọ́ wádìí ti ìyá ìyá tirẹ̀ ná.

Ilé ẹjọ́ náà ní ipa nínú bí ìtàn ṣe di owó. Lọ́dún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn fi lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ló ṣáájú. Lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, ilé ẹjọ́ kan náà ní Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ lórí àlejò rẹ̀ rẹ́. Àlejò tó bá sẹ́ onílẹ̀ rẹ̀ lè pàdánù oko tó ń dá. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá pa májẹ̀mú mọ́, onílẹ̀ kò kàn lè lé e, àwọn ọmọ rẹ̀ náà lè máa dáko lọ níbẹ̀. Àwọn tó ń pariwo pé "ẹ lé wọn lọ" kì í fẹ́ gbọ́ apá kejì yìí.

Ìdájọ́ kan wà tó wù mí ju ìwọ̀nyí lọ. Ọdún 1957 ni, nínú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie tó ti ilẹ̀ Gánà lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní bí ìtàn àtẹnudẹ́nu méjì bá takora, kí adájọ́ má kàn wo ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù, nítorí ẹlẹ́rìí méjèèjì lè gba ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn gbọ́ láìsí irọ́. Kó wo ohun tí ojú rí láìpẹ́ yìí, kó mọ ìtàn tó bá a mu. Ṣé ọ̀rẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ta ló ro oko fún ta ni nígbà tí onítọ̀hún wà ní ọsibítù? Ta ló san owó ilé-ìwé ọmọ ta ni? Ìyẹn kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè sọ bí wọn yóò ṣe pín owó rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá tó mọ ìdí ọ̀rọ̀, kí ẹ má bínú sí mi, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ pe ọmọ ìdílé méjèèjì jọ, ẹ sọ bí ilẹ̀ náà ṣe jẹ́. Ṣé ìṣákọ́lẹ̀ ni? Ṣé wọ́n fún un pátápátá ni? Àbí wọ́n fi yáwó ni, tó fi jẹ́ pé ìdílé ẹni tó yáwó lè rà á padà bó ti wù kó pẹ́ tó? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú baálẹ̀ àti mọ́gàjí, kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá máa tà, kí wọ́n jọ tà, kí wọ́n sì ti fẹnu kò lórí ìpín kí awọnlẹ̀ tó dé. Ti ìwọ̀fà kò ní ohun tó ń ṣe nínú ìwé yẹn, àfi bí gbèsè náà bá kan ilẹ̀.

Ẹ má sì fi dọ̀la. Àwọn tó mọ ibi tí pèrègún ààlà wà ń dín kù, katakata tó ń hú u kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ti yín bá ṣì dúró, ẹ mú àwọn ọmọ méjèèjì débẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.