Ta Ló Ní Kí O Pa Ọmọ Yẹn Lẹ́nu Mọ́?

Ìyá ọmọ, ìwọ ni mò ń bá wí. Níbi ìsọmọlórúkọ tí a lọ ní Barnawa lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jẹun tán, mo kó àwọn ọmọdé jọ sábẹ́ máńgòrò, mo ní, "Àlọ́ o!" Wọ́n kàn ranjú mọ́ mi. Ọmọbìnrin rẹ nìkan, tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, ló fura pé ó yẹ kí ẹnì kan dáhùn. Ó pariwo: "Ta zo mu ji ta!" Kíá lo ti dé, o fọwọ́ bò ó lẹ́nu, o ní kò gbọdọ̀ sọ Haúsá níwájú àgbà.

Àgbà wo? Èmi tí mo ti ń gbé Kaduna láti ìgbà tí àwọn iléeṣẹ́ aṣọ Kakuri ṣì ń fọn fèrè jí wa? Bí àwa ti ń fi "Àlọ̀" dáhùn ni Haúsá ń fi ohun tí ọmọ yẹn sọ dáhùn tatsuniya, àlọ́ tiwọn: kó máa bọ̀, ká gbọ́. Ọmọ náà mọ̀ pé ìtàn ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé olùgbọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Ìyá tó ń ta kòsáì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín ni. Ìwọ ńkọ́? Ọmọ yẹn mọ Gizo aláǹtakùn, ó mọ Ƙoƙi ìyàwó rẹ̀. Kò mọ Ìjàpá, kò mọ Yánníbo. Ṣé Gizo la ó dá lẹ́bi ìyẹn?

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ ó ra ankó, ẹ ó dé abetí-ajá, ẹ ó máa ké pé Haúsá ti gba àṣà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Ohun tí ẹ kò kó lé wọn lọ́wọ́ rí, báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ gbà á? Ìlú tí Lugard dá sílẹ̀ ní 1913 ni Kaduna. Yàtọ̀ sí Gbagyi tí wọ́n bá lórí ilẹ̀, àlejò ni gbogbo wa.

Ẹ wo Abubakar Imam, ará Kagara. Ní 1936 ó lọ jókòó sí Zaria, ó kọ *Magana Jari Ce*, apá mẹ́ta gbáko. Odídẹrẹ́ kan ló ń ka ìtàn lé ìtàn kí ọmọ ọba má baà jáde lọ sógun. Níbo ló ti kó wọn? Ó bu ti Lárúbáwá, ó bu ti Jámánì tí Grimm tẹ̀gbọ́n tàbúrò kó jọ, ó wọ babban riga fún gbogbo wọn. Lọ sọ fún ìyá àgbà kan ní Tudun Wada lónìí pé ìtàn Jámánì ni, yóò lé ọ jáde. Ẹni tí àká rẹ̀ kún kì í bẹ̀rù àtiyá.

Zaria yìí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọnà ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1958: Yusuf Grillo tiwa, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya. Òyìnbó ń kọ́ wọn ní àwòrán. Wọ́n kọ́ ọ, wọn kò jẹ́ kó gbé wọn lọ. Okeke padà sídìí uli tí àwọn obìnrin Ìgbò ń yà sára. Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, ló ya àwòrán sínú ìwé Fágúnwà tí Ṣóyínká túmọ̀ ní 1968. N kò tíì gbọ́ kí Yorùbá kankan bi í pé kí ló wá wá nínú Igbó Irúnmọlẹ̀.

Nígbà tí o lọ fọ abọ́, ọmọ rẹ yọ́ padà wá bá mi. Mo pàlọ́ Ìjàpá kan fún un. Ó gbọ́ ọ dópin, ó wá bi mí pé bí Ìjàpá àti Gizo bá pàdé lọ́jà, ta ni yóò rẹ́ èkejì jẹ. N kò rí èsì fún un. Mo ní kó fún mi di Sátidé. Bí mo bá dé, ìyá ọmọ, gbé àga méjì síta. Ọ̀kan, tìrẹ ni.