Ẹbí Arúgbó tí ó wà ní Ilé Ìtọ́jú Yẹ ní Ríràn Lọ́wọ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ó bá mú ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé. Wọn a bi í bí kò bá mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Èmi kò fara mọ́ irú ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀. Arúgbó tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe lè jáde ní òru kí ó má mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó lè máa pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ ní olè. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ nígbà tí tọkọtaya bá lọ sí ibi iṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí àwọn olùtọ́jú ṣàlàyé àìsàn náà fún ẹbí, kí ọmọ má baà rò pé ìyá òun kórìíra òun ni. Kí wọ́n sì gbà á láyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ìyá ní àmàlà, kí ó sì kì í ní oríkì.

Ọ̀rọ̀ àbẹ̀wò ni ó ká mi lára jù. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ẹbí. Láti ojú fèrèsé ni àwọn mìíràn ti rí òbí wọn kẹ́yìn. Oṣù kẹrin 2024 ni òfin tó dé níbẹ̀ pé ilé ìtọ́jú gbọdọ̀ gba àlejò láyè, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Kí àwọn tí ń ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn kọ ọ́ sínú àdéhùn kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.