Àdúgbò Ni Kí Ọ̀dọ́ Wò Kí Ó Tó Gba Ilé

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ tí ó ń múra ìgbéyàwó, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di òbí, fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí sọ́kàn nígbà tí ó bá ń wá ibi tí yóò máa gbé. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bi ajẹ́ǹtì kò ju mẹ́ta lọ: èló ni owó ilé, yàrá mélòó ni, ṣé omi wà? Ìbéèrè wọ̀nyí kò burú. Ṣùgbọ́n ìdílé kì í gbé inú yàrá nìkan, inú àdúgbò ni ó ń gbé. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọmọ tí a tọ́ nínú ilé ẹlẹ́wà, ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹnìkejì, ojú mẹ́rin péré ni ó ní.

Láyé àtijọ́, agbo ilé ni ó ń ṣe iṣẹ́ igba ojú yìí. Ẹni tí ó bá ti agbo ilé jáde lọ sí ẹ̀bá ìlú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń fi nǹkan sílẹ̀, kí ó sì wá ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ìtàn Èkó jẹ́rìí sí èyí. Ní 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti pa ènìyàn púpọ̀ níbẹ̀, ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí LEDB. Ní 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, ó sì ń kó àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Súrùlérè.

Àyè wà ní Súrùlérè, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i ju ibi tí wọ́n ti wá lọ. Síbẹ̀, nígbà tí onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, ṣe ìwádìí láàrin wọn, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, kì í ṣe ayọ̀ nìkan ni ó bá níbẹ̀. Àwọn ìyá tí ń tajà ti jìnnà sí oníbàárà wọn. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè tí ó yẹ kí wọ́n mú wálé. Àwọn ẹbí tí ń rí ara wọn lójoojúmọ́ ti fọ́n káàkiri. Àwọn òṣìṣẹ́ oṣù tí ó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ibẹ̀ tù lára jù. Ilé ti dára, ṣùgbọ́n àdúgbò kò tíì sí.

Súrùlérè kò dúró bẹ́ẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ dé, ọjà dé, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ọmọ tí a kó lọ síbẹ̀ sì dàgbà di onílé. Lónìí, ẹni tí wọ́n tọ́ ní Súrùlérè a máa fi yangàn. Ìgbà àti sùúrù ni ó ń sọ ẹ́sítéètì di àdúgbò, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ibẹ̀ gan-an ti wí.

Ìdí nìyí tí àdúgbò tí ó ti pẹ́ fi níye lórí fún ẹni tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́. Bódìjà ní Ìbàdàn jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní 1958, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ni a dá àjọ tí ń kọ́ ilé sílẹ̀, Bódìjà sì wà lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún igi àti òdòdó. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1948 kò jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni Sẹkitéríàtì Agodi. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni irú ibẹ̀ ní. Ó tún ní ẹlẹ́rìí. Ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ní àdúgbò tí ó ti rí òjò ogójì ọdún, àwọn àgbà lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ilé tí omi ń wọ̀. Ní ilẹ̀ tuntun, ẹnu ẹni tí ń tà á nìkan ni ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé orúkọ àtijọ́ tó. Ní alẹ́ 16 Oṣù Kìíní 2024, ìbúgbàù ńlá mi Ìbàdàn tìtì láti Bódìjà kan náà. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé púpọ̀ sì bàjẹ́. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tí ń wa kùsà lọ́nà àìtọ́ ni ó kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ilé ibẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí kò mọ ẹni tí ń gbé ẹ̀yìn ògiri rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí onítọ̀hún ń jẹ?

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tí ó bá rí ilé má ṣe kánjú sanwó. Kí ó lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó lọ ní alẹ́, kí ó sì lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Kí ó wò bóyá àwọn ọmọdé ń ṣeré níta, kí ó sì wò bóyá àgbàlagbà tí ó ń kọjá a máa pe orúkọ wọn. Kí ó bi ìyá tí ń tajà ní ìkóríta ní ìbéèrè, nítorí irú wọn mọ̀ ju ajẹ́ǹtì lọ. Kí ó mọ ìgbà tí àwọn onílé ń ṣe ìpàdé, àti ẹni tí ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà. Kí ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé-ẹ̀kọ́, mọ́sálásí àti ilé ìwòsàn.

Àwọn kan yóò wí pé owó ilé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ga ju agbára wọn lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n yàrá méjì láàrin àwọn tí ó mọ ara wọn sàn fún ọmọ ju yàrá márùn-ún ní ibi tí gbogbo gééètì ti tì pa. Ẹni tí ipá rẹ̀ kò sì ká ju ilẹ̀ tuntun lọ, kí ó lọ síbẹ̀ bí ẹni tí yóò tẹ àdúgbò dó. Kí ó kọ́kọ́ kí àwọn tí ó bá níbẹ̀, kí ó má pa ìpàdé jẹ, kí ó sì mọ orúkọ ọmọ ẹlòmíràn. Sūratun-Nisā', ẹsẹ 36, ka ṣíṣe rere sí alámùúlégbè mọ́ ṣíṣe rere sí òbí, ìbáà ṣe ẹbí, ìbáà ṣe àjèjì. Ẹni tí kò mọ aládùúgbò rẹ̀ kò lè san ẹ̀tọ́ yìí.

Ọdún mélòó kan ni owó ilé, àwọ̀ ọ̀dà sì ń ṣá. Ìwà tí ọmọ bá kọ́ lójú pópó kì í ṣá bọ̀rọ̀. Kí Ọlọ́run Ọba fi àwọn ọ̀dọ́ mọ ibi tí yóò san wọ́n, kí Ó sì ṣe àwọn náà ní aládùúgbò rere fún ẹlòmíràn.