Pápá Ìṣeré Wa Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lórí ètò àjọ̀dún ọdún yìí, àbá kan jáde tí ọ̀pọ̀ nínú wa pàtẹ́wọ́ sí. Àbá náà ni pé kí a kọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ sórí ìdajì pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí a sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí títì, kí owó tó bá ń wọlé níbẹ̀ lè máa tún òrùlé ṣe, kí ó sì máa ra ohun èlò sáyẹ́ǹsì. Àwọn tó mú àbá yìí wá fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ yìí dénú. Kò sí ẹni tó lè bá wọn jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tó jáde lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn kò kúrò lọ́kàn wa títí di òní. Ó ní, "Ilẹ̀ òfìfo ni. Kò ṣiṣẹ́ kankan." Gbólóhùn yìí ni a fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí dáhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìfẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé níhìn-ín nígbà tí oko ṣì yí Ọ̀tà ká, ẹ mọ iṣẹ́ tí ilẹ̀ náà ń ṣe. Orí rẹ̀ ni ọmọ tí kò mọ ìṣirò ti gba ife, tí orí rẹ̀ sì wú lójú gbogbo ẹgbẹ́. Orí rẹ̀ ni ọmọ Àwórì, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ẹ̀gùn àti ọmọ Ígbò ti wọ aṣọ aláwọ̀ kan náà lọ́jọ́ ìdíje, tí wọ́n sì di ọmọ ilé kan. Bẹ́ẹ̀ ni eré wa kò parí sórí pápá. Ẹsẹ̀ la fi ń wá sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ la sì fi ń padà. Bí a bá délé, a ó pọn omi, a ó gbálẹ̀. Bí òṣùpá bá yọ, bojúbojú àti ìjàkadì á bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin á máa ṣe tẹ́ńtẹ́n, wọ́n á sì máa fò nínú suwé. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní eré ìdárayá. Ìgbé ayé wa fúnra rẹ̀ ló ń mú ara wa le.

Ọ̀tà òde òní ti yàtọ̀. Láti Tóògéètì dé Ṣàngó, àti láti Ṣàngó gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò dé Àtàn, ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ọjà àti ilé gbígbé ti gba ilẹ̀ tán. A kò kẹ́gàn èyí, nítorí pé ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, òun náà ló sì ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún wo ohun tó gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti di ilé alájà. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń rìn ti di ti tírélà, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Nítorí náà, ìyá tó ti ilẹ̀kùn géètì mọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣe ìkà. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, ìbẹ̀rù sì ni pẹ̀lú. Ọmọ náà á jí ní ìdájí, á jókòó nínú ọkọ̀, á jókòó ní kíláàsì, á jókòó níbi ẹ̀kọ́ àfikún ìrọ̀lẹ́, á sì tún padà wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù. Ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwa àgbà ni kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún un láti dìde.

Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ọmọ láti ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ṣe ohun tí yóò mú kí ọkàn rẹ̀ lù kíkankíkan. Ìwádìí tí àjọ náà gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nínú 100 ọmọ ọdún 11 sí 17 jákèjádò ayé, 81 ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 2006, ó sì tún gbà á ní ọdún 2025. Inú wa dùn, a sì yangàn. Ṣùgbọ́n pápá ńlá tó wà ní Abẹ́òkúta kò lè ran ọmọ Ṣàngó lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Pápá tó lè ràn án lọ́wọ́ ni èyí tó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ń bẹ. Ẹ dúró sí ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní ìlú yìí ní àkókò ìsinmi, ẹ wo ohun tí owó àwọn ọmọ ń rà: bisikíìtì, súwíìtì, ìpékeré inú ọ̀rá àti ẹlẹ́rìndòdò. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 35cl kan lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 35, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hóró ṣúgà mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà pàápàá má kọjá nǹkan bíi gíráàmù 50 lójúmọ́, àti pé ó sàn jù bí kò bá kọjá 25. Láti ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń gba owó orí náírà 10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: kò tó náírà 4 lórí ìgò kan. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò lè dá ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ dúró.

Ohun tó dùn wá jù ni pé ebi oúnjẹ gidi àti àjẹjù ohun dídùn lè wà nínú ilé kan náà. Ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bó ti yẹ, nítorí àìjẹunrekánú. Lóòótọ́, ìyà náà pọ̀ jù ní ìhà àríwá, ṣùgbọ́n kò fo ilé tiwa. Ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta. Ọmọ tó bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti jáde kúrò nínú ètò náà pátápátá, ní ọjọ́ orí gan-an tí egungun rẹ̀ ń yára dàgbà. Ẹnu géètì ló kù fún un. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ gidi kò jìnnà sí wa. Nígbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1979, Ọ̀tà ló wá dáko sí, adìyẹ oko náà sì wà lára ohun tó mú kí a mọ orúkọ ìlú wa káàkiri. Kí ló dé tí ọmọ Ọ̀tà yóò fi rí bisikíìtì rà ní géètì, tí kò ní rí ẹyin sísè?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé kí àwọn olùkọ́ túbọ̀ máa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Ìkìlọ̀ dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó, àpẹẹrẹ kan sì wà tó fi èyí hàn gbangba. Ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ìlú kékeré méjì wà tí wọ́n ń jẹ́ Fleurbaix àti Laventie. Ní ọdún 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní ohun tó yẹ kí wọ́n máa jẹ. Ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, iye ọmọ tó sanra jù kò dín kù. Ìgbà tí gbogbo ìlú dìde sí i, ìjọba ìbílẹ̀, dókítà, olùkọ́, òǹtajà àti ẹgbẹ́ eléré ìdárayá, tí wọ́n sì ṣe ibi ìṣeré fún àwọn ọmọ, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà tó fi di ọdún 2004, nínú 100 ọmọ wọn, 8.8 ló sanra jù; ní àwọn ìlú tí wọ́n fi wé wọn, 17.8 ni. Ọdún méjìlá ló gbà wọ́n. Ìṣòro tiwa kò rí bákan náà pẹ̀lú tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ bá wa mu. Àwọn àgbà wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ.

Kí ni igba ojú wa lè ṣe níhìn-ín? Èkíní, kí pápá náà wà bó ti wà, kí a gé koríko rẹ̀, kí a tẹ́ ojú rẹ̀ dọ́gba, kí a sì gbin igi tí yóò ṣíji bò etí rẹ̀. Kí géètì rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta fún gbogbo ọmọ àdúgbò, ìbáà ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tàbí kì í ṣe é, pẹ̀lú àwọn òbí méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa gba ìṣọ́ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Èkejì, kí eré má ṣe jẹ́ ti ọjọ́ ìdíje nìkan, tàbí ti àwọn tó mọ̀ ọ́n sá nìkan. Ní ọdún 2012, ní Stirling ní ilẹ̀ Scotland, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, Elaine Wyllie, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ jáde fún ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́, tàwọn ti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn, kí olúkúlùkù sáré tàbí kí ó rìn bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ayé ti ń ṣe é báyìí. Kò gba owó, kò gba bàtà tuntun. Kí àwọn ọmọbìnrin wa wà níwájú nínú rẹ̀, nítorí àwọn la máa ń kọ́kọ́ sọ fún pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a má lé àwọn ìyá olóúnjẹ tó wà ní ẹnu géètì. Òbí ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni ọmọ wọn ń kàwé pẹ̀lú tiwa. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pè wọ́n jókòó, kí a bá wọn ṣe àdéhùn: mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀pà, ọ̀sàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ nínú ọgbà, ẹlẹ́rìndòdò lẹ́yìn ọgbà. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kí omi mímu tó mọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ọmọ tó bá rí omi mu yóò ra ìgò díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò bá wa dá sí i. Ní Kigali, ní ilẹ̀ Rwanda, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ya àwọn òwúrọ̀ Sunday kan sọ́tọ̀ tí ọkọ̀ kì í gba àwọn títì ńlá kan, kí tọmọdé tàgbà lè rìn, kí wọ́n sì sáré níbẹ̀. A kò ní kí a ti ọ̀nà Ìdí-Ìrókò pa. Ṣùgbọ́n àdúgbò tó lè fi ìjókòó dí òpópónà nítorí ìnáwó lè fi wákàtí méjì dí i nítorí ọmọ.

A gbọ́ ohùn àwọn tí yóò béèrè pé, owó òrùlé ńkọ́? Ìdánwò WAEC ńkọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Òrùlé ń jò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a lè dá owó òrùlé láàárín ara wa bí a ti ń dá owó aṣọ àjọ̀dún. Tí a bá sì kọ́ ilé sórí ilẹ̀ yìí, kò sí owó tí yóò tún un rà padà ní Ọ̀tà mọ́. Ní ti ìdánwò, ọmọ tí ara rẹ̀ le kì í tètè sùn lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lónìí mọ iye tí oògùn ń jẹ lóṣù. Bí a bá lè gba ọmọ wa lọ́wọ́ ìnáwó náà, èrè rẹ̀ ju owó ṣọ́ọ̀bù lọ.

Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni a ti kọ́ wa nípa Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n tọrọ ọjọ́ mẹ́wàá péré láti fi ẹ̀wà àti omi hàn pé oúnjẹ ààfin kọ́ ló ń mú ojú dán. Níhìn-ín náà ni a ti kà nípa wòlíì Sekaráyà. Nígbà tó ń sọ bí ìlú tí Ọlọ́run tún ṣe yóò ti rí, kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjà tàbí ilé ńlá. Ó rí àwọn arúgbó tí wọ́n jókòó pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó sì rí ìgboro tó kún fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n ń ṣeré.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa, ìpàdé gbogbogbòò ọjọ́ àjọ̀dún ni a ó ti dìbò lórí àbá gbọ̀ngàn náà. Kí a tó dìbò, a bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ rìn yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mú àwọn ọmọ yín dání. Ẹ wo ohun tí ẹsẹ̀ wọn yóò ṣe nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ wọn sílẹ̀.