Bí Dókítà Bá Dákẹ́, Tara Aláìsàn A Bá A Dákẹ́

  Ọ̀rọ̀ ìlera ló wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn. Ọ̀rọ̀ fóònù ni.

Ta ni kò rántí mólúè? Nígbà tí mólúè ṣì ń ná Mile 2 sí Ọ̀ṣọ́dì, bí ọkọ̀ bá ti gbéra báyìí, ọkùnrin kan á dìde láàárín èrò. Á gbàdúrà fún awakọ̀, á kí àwọn ìyá, á wá ki ọwọ́ bọ inú báàgì. Oògùn kan ṣoṣo ni o! Ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo làkúrègbé, ó ń wo ojú tó ń ṣú, ó sì tún ń wo àgàn. Kí ọkọ̀ tó dé Ọ̀ṣọ́dì, báàgì ti fúyẹ́. Ọkùnrin yìí kò fi ọjọ́ kan jókòó nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó mọ̀ tí ọ̀pọ̀ dókítà tó kàwé gbẹ́yẹ kò kà sí: ó mọ ibi tí èrò wà, ó sì ń sọ èdè tí wọ́n gbọ́.

Mólúè ti kógbá sílé. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù GSM ti wọ Nàìjíríà, inú fóònù ni èrò kó lọ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin oníbáàgì náà kò jáfara. Òun náà ti bá wọn débẹ̀. Dókítà ńkọ́?

Ẹ wo Kúje. Kúje yìí kì í ṣe ti Àbújá tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wà o. Kúje Àmúwò ni, nítòsí Festac tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ tó ń tajà l'Ágbójú tàbí ní Alábà, ìdájí ló ń jáde. Ó di alẹ́ kó tó wọlé, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Badagry bá gbà fún un. Ìgbà wo ló fẹ́ lọ tò sórí ìlà láti rí dókítà? Ọjọ́ tó bá lọ, ọjọ́ náà kò sí ọjà. Nítorí náà, bí orí bá ń fọ́ ọ, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bi. Ta ló wà nínú fóònù náà tí yóò dá a lóhùn? Kókó ọ̀rọ̀ rèé.

OMI IYỌ̀ TÓ PÀÀYÀN

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọmọ Làìbéríà kan, Patrick Sawyer, gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed l'Ékòó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọbáléndé ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fárígá pé kò ní í jáde níbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n fínná mọ́ òun tó. Ìdúróṣinṣin yẹn wà lára ohun tó gba Èkó là. Ṣùgbọ́n àrùn náà ran akọni obìnrin yìí, ó sì gbabẹ̀ kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ.

Nínú oṣù kẹjọ yẹn kan náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba ìlú kan lóru. Ó ní kí oníkálùkù fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, pé Ebola kò ní í mú un. Haà! Ìyá ń pe ọmọ, ọmọ ń pe àbúrò, wọ́n ń jí ara wọn lójú oorun. Kò pẹ́ sí i ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ síta pé, ó kéré tán, èèyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹ gbọ́ ná o: Ebola kò débi tí àwọn wọ̀nyí wà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló pa wọ́n.

Àwọn dókítà kan kò káwọ́ gbera. Dókítà Lawal Bakare àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé EbolaAlert kalẹ̀ lórí Twitter, èyí tí orúkọ rẹ̀ ti di X báyìí. Wọ́n ń dáhùn ìbéèrè, wọ́n ń já irọ́, wọ́n ń sọ ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Èèyàn 20 ló kó o, 8 ló kú nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ì bá burú jùyẹn lọ.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà gbòde, Donald Trump tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yin chloroquine, oògùn ibà àtijọ́ tí gbogbo ilé mọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó lò ó ní àlòjù ti ń dé ilé ìwòsàn l'Ékòó. Àjọ NCDC tètè kọ ọ́ sórí Twitter pé WHO kò fọwọ́ sí i fún Kòrónà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, kọmíṣọ́nnà ìlera l'Ékòó nígbà náà, náà ń fi ìròyìn àrùn náà síta níbẹ̀ léraléra. Wọ́n ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ìyá aláta mélòó ló wà lórí Twitter? Mélòó nínú wọn ló ń ka òyìnbó? Irọ́ gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ pijin, ó sì ń wọ WhatsApp láìkan ìlẹ̀kùn. Òtítọ́ ń sọ òyìnbó, ó wọ táì, ó jókòó sí ọ́fíìsì.

DÓKÍTÀ TÓ Ń ṢÒFÓFÓ

Ẹnì kan wà tó bọ́ táì náà. Dókítà Chinonso Egemba ni, tí tilé-toko mọ̀ sí Aproko Doctor. Ẹ mọ ohun tí aproko jẹ́: olófòófó ni. Fídíò kéékèèké ló ń ṣe, ó ń dẹ́rìn-ín pa èèyàn, ó ń fi pijin àti òyìnbó ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ àjẹjù, omi mímu àti àyẹ̀wò ara. Àìmọye èèyàn ló ń tẹ̀ lé e. Kò ṣe oògùn tuntun kankan. Ohun tó wà nínú ìwé àwọn dókítà látijọ́ náà ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ìgbà tí àwọn obìnrin bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí, tí wọ́n ń bára wọn tàkúrọ̀sọ.

Òun nìkan kọ́. Ní ìlú Benin, ọdún 2015, àwọn dókítà kan gbé ohun èlò orí fóònù kan jáde fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, wọ́n pè é ní Omomi. Orúkọ yẹn kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ó ń rán ìyá létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀, ìyá sì lè bá dókítà sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

KÍ NI DÓKÍTÀ KÚJE LÈ ṢE?

Kò dìgbà tí dókítà bá di gbajúgbajà tàbí apanilẹ́rìn-ín. Dókítà tó ní ilé ìwòsàn kékeré ní Kúje lè fi owó táṣẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èkíní ni ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó kọ síbẹ̀ ibi tí ilé ìwòsàn wà, aago tí wọ́n ń ṣí, ọjọ́ àwọn aláboyún, iye owó káàdì, àti bóyá wọ́n ń gba Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀. Kí ó fi sí máàpù Google pẹ̀lú, kí ọlọ́kadà lè gbé aláìsàn débẹ̀ lóru láìbéèrè ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í lọ sílé ìwòsàn nítorí pé kò mọ iye tí wọn yóò bù fún un. Ẹni tó bá mọ iye, á lè dájọ́, á lè dá èésú.

Èkejì ni WhatsApp. Kí nọ́ńbà jẹ́ ti ilé ìwòsàn, kì í ṣe ti dókítà fúnra rẹ̀. Kí wọ́n máa fi voice note Yorùbá ránṣẹ́, ìṣẹ́jú kan péré. Voice note kì í jẹ dátà bíi fídíò, ìyá tí kò mọ̀wé á sì gbọ́ ọ nídìí àtẹ ọjà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dókítà á sọ̀rọ̀, èèyàn tó tó 256 lè gbà á lójú kan náà, bí wọ́n bá ṣáà ti fi nọ́ńbà ilé ìwòsàn náà pamọ́ sórí fóònù wọn.

Àwọn dókítà kan á ní, "Bí mo bá fún wọn ní nọ́ńbà, wọn kò ní í jẹ́ kí n sùn, wọn kò sì ní í san kọ́bọ̀." Òótọ́ ni, dókítà náà ní ẹnu tó ń jẹun. Ṣùgbọ́n kí ó dá wákàtí sí i, kí nọ́ọ̀sì kan máa mójú tó o. Ẹni tí wọ́n bá dá lóhùn dáadáa lórí fóònù, òun náà ni yóò rìn wá sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ara bá pè é.

Àwọn àgbà dókítà mìíràn á ní ìpolówó kò yẹ oníṣègùn. Lóòótọ́, ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ṣùgbọ́n òfin àjọ MDCN tó ń mójú tó àwọn dókítà kò fẹ́ kí dókítà máa polówó ara rẹ̀ bí ẹni polówó ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ́ kíkọ́ yàtọ̀ sí ìpolówó. Kí dókítà kọ́ àwọn èèyàn, kó má ṣe fúnnu. Kó má sì gbé àwòrán aláìsàn tàbí àṣírí rẹ̀ sí ìta. Abala 26 nínú òfin ìlera ti ọdún 2014 ní àṣírí aláìsàn kò gbọdọ̀ jáde bó ṣe wù wọ́n, òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì tún dé e ládé. Àṣírí aláìsàn kì í ṣe ohun àfiṣèran-wò.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń GBÀ Á, Ẹ ṢỌ́RA

Bí dókítà bá ṣe ń dé orí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni gbájúẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ayédèrú ojú àti ohùn èèyàn báyìí, kí wọ́n lè fi ojú olójú ta oògùn. Nítorí náà, ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní dókítà, ẹ bi í: kí lorúkọ yín, ilé ìwòsàn wo, níbo? Dókítà tòótọ́ ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN. Ilé ìwòsàn tó bófin mu l'Ékòó ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ HEFAMAA. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù.

Oògùn kan tó ń wo àrùn méje, ti mólúè ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ilé ìwòsàn fún yín, kí ẹ máa mu tirẹ̀, ẹ sá fún un. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí ó tó bi yín léèrè ohun tó ń ṣe yín, ẹ̀yin náà mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ tún mọ̀ pé fóònù ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọ̀rọ̀ inú WhatsApp kò lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àfi kí wọ́n de ohun èlò mọ́ yín lápá, bó bá sì ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ó ti ga nìyẹn, ẹ rí dókítà. Bí ẹnu èèyàn bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò gbé mọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, rọpá-rọsẹ̀ lè ti dé. Bí aláboyún bá ń ní orí fífọ́ tó le, tí ojú rẹ̀ ń ríran bàìbàì, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, tí ẹ̀jẹ̀ ń wá, tí gìrì mú un, tàbí tí ọmọ inú kò mira mọ́, ẹ má tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Ẹ gbé e dìde! Ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tí ìjọba kọ́ ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin wà nítòsí. Ìṣẹ́jú tí ẹ ó fi dúró de èsì lórí fóònù lè jẹ́ ìṣẹ́jú tí ẹ̀mí fi bọ́.

Ìgbà mìíràn tí ẹ bá lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ tó dìde kúrò níwájú dókítà, ẹ béèrè pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà WhatsApp ilé ìwòsàn yìí ńkọ́?" Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n ṣe é. Ẹ sọ fún wọn pé Yorùbá lẹ fẹ́ máa gbọ́. Bí ìyálọ́jà mẹ́wàá bá béèrè lọ́sẹ̀ kan, dókítà á wá nǹkan ṣe sí i.