Ṣé ká jó difẹrẹ́ńṣíà pọ̀ ni, àbí ká fi lọ́kà sí i?

Ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tó ní ọkọ̀ bâchée 4x4 tó ń wọ oko lọ kó àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti òwú: ṣé kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ bá ajórin kó jó difẹrẹ́ńṣíà ẹ̀yìn pọ̀, àbí kí wọ́n fi owó pamọ́ títí wọ́n á fi ra lọ́kà, èyí tí àwọn mẹkaníkì tó kọ́ṣẹ́ ní Faransé ń pè ní blocage?

Ibi tí àwa dúró sí rèé. Ọkọ̀ tó bá ń gbé ènìyàn, tó sì ń tẹ títì ọ̀dà, ẹ má jó difẹrẹ́ńṣíà rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni difẹrẹ́ńṣíà ń ṣe? Ara Faransé kan, Onésiphore Pecqueur, ló gbàwé àṣẹ fún un ní ọdún 1827, fún ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, táyà tó wà lóde máa ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti inú lọ. Difẹrẹ́ńṣíà ló ń jẹ́ kí ọ̀kan yára ju èkejì lọ láìjà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré, irú èyí tí ọmọ CM2 lè ṣe. Bí àlàfo táyà méjèèjì bá jẹ́ mítà 1,5, tí ọkọ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, táyà òde á fi 2 × 3,14 × 1,5 ju ti inú lọ, ìyẹn mítà 9,42. Bí ìyípo náà tóbi, bó kéré, iye yẹn kò yí padà. Kọ́nà kan ṣoṣo, tí a yà sọ́wọ́ ọ̀tún tàbí sósì, jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2,36.

Iṣẹ́ rere yẹn náà ló ń di ìṣòro nínú ẹrẹ̀. Agbára kan náà ni difẹrẹ́ńṣíà lásán ń pín fún táyà méjèèjì. Bí táyà tó wà nínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ kò bá lè gba ju agbára 10 lọ kó tó máa yọ̀, 10 náà ni èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle máa rí gbà, ì báà ṣe pé ó lè gba 200. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ń yí bí òòyì, tí èkejì dúró bí òkúta. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ amọ̀ tó ń wú bí òjò bá rọ̀, tó sì ń sán bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kò nílò àlàyé jù báyìí lọ.

Kí ajórin ń ṣe nígbà náà? Ó ń tú difẹrẹ́ńṣíà, ó ń jó àwọn eyín irin kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n má baà lè yí lórí ara wọn mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, táyà ẹ̀yìn méjèèjì di ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: kò wọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀, kò sì ní wáyà tàbí páìpù tó lè bàjẹ́. Àgbẹ̀ tó ní ògbólógbòó ọkọ̀ kan tí kì í jáde nínú oko, tó ń kó igi àti iṣu láti ebè dé abà, kò ṣe àṣìṣe bó bá jó tirẹ̀. A ò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mélòó ní agbègbè wa ni kì í jáde nínú oko? Ọkọ̀ tó wọ oko ní ọjọ́ Ajé náà ló ń kó àwọn ìyá wa lọ ọjà Kétu, òun ló ń gbé aboyún tí ìrọbí mú lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ló ń kó ọmọ ilé-ìwé. Ìgbà òjò ni ìdánwò CEP sábà máa ń bọ́ sí, àwa olùkọ́ sì mọ iye ọmọ tó ń dúró lẹ́yìn bâchée lọ sí ibi ìdánwò. Lórí títì ọ̀dà, ọkọ̀ tí wọ́n jó kò lè sá fún mítà 2,36 yẹn. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, táyà gbọ́dọ̀ fà á lórí ọ̀dà. Táyà ń jẹ tán kíákíá, ọ̀pá irin tó so táyà mọ́ difẹrẹ́ńṣíà ń lọ́, ó sì lè já lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ á fẹ́ máa lọ tààrà nígbà tí awakọ̀ ń yà. Bí títì bá tún tutù, tí ẹrù kò sì sí lẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ lè yọ̀ lójijì. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kò ní ibi tó lè dì mú.

Iṣẹ́ ìjórin náà fúnra rẹ̀ gba ọgbọ́n. Irin eyín difẹrẹ́ńṣíà kì í ṣe irin ilẹ̀kùn. Irin líle ni, bí wọn kò bá kọ́kọ́ mú un gbóná dáadáa, kí wọ́n sì jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, ojú ìjórin á sán. Ègé tó bá já bọ́ á wọ àárín eyín ńlá, á sì fọ́ gbogbo rẹ̀. Ti iwájú ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Bí agbára bá ti ń lọ síwájú, kẹ̀kẹ́ ìdarí á le lọ́wọ́ awakọ̀, ọkọ̀ kò sì ní fẹ́ yà.

Lọ́kà yàtọ̀ ní ti pé ọwọ́ awakọ̀ ló wà. Àwọn kan ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, bíi ti ARB tó wá láti Ọsirélíà. Àwọn kan ń fi iná mànàmáná, bíi èyí tí Toyota ń fi sínú àwọn 4x4 rẹ̀ kan láti ilé iṣẹ́. A ó tẹ bọ́tìnì kí a tó wọ ẹrẹ̀, a ó rọra kọjá, a ó sì tú u sílẹ̀ kí a tó dé títì. Irú kan tún wà tó ń dì fúnra rẹ̀, tó ń tú fúnra rẹ̀ ní kọ́nà. Òun dára ju ìjórin lọ, ṣùgbọ́n ó lè dì tàbí tú lójijì, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ ìwà rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn ìjórin á ní lọ́kà náà ń bàjẹ́: páìpù afẹ́fẹ́ ń jò, ẹrẹ̀ ń mú kí mọ́tò kékeré ti iná dípẹtà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí lọ́kà bá kọ̀ láti dì, difẹrẹ́ńṣíà lásán lẹ ní, ẹ ó sì délé lórí títì. Èyí tí wọ́n jó kò ní ọjọ́ ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù. Lọ́kà tuntun wọ́n, a ò ní parọ́. Ọ̀nà kan ni láti wá pont àlòkù tó ti ní lọ́kà láti ara ọkọ̀ irú tiyín. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ ka eyín rẹ̀. Bí eyín ńlá bá jẹ́ 41, tí kékeré jẹ́ 10, ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 4,1. Bí ti iwájú ọkọ̀ yín bá jẹ́ 43 lórí 10, 4,3 ni. Àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ wà nínú ọkọ̀ 4x4 kan, nítorí iwájú àti ẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà títí ohun kan á fi fọ́. Kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ kà á.

Kí a tó ná owó kankan rárá, ẹ wo táyà yín. Táyà tí ojú rẹ̀ ti pá kò ní rí nǹkan dì mú, ì báà jẹ́ pé lọ́kà méjì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀ nínú ẹrẹ̀, kí ẹ sì fún un padà kí ẹ tó sáré lórí títì. Ṣọ́bìrì kan, okùn líle kan àti pákó méjì ti yọ ọkọ̀ púpọ̀ láìjó ohunkóhun.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí àwọn onímọ́tò abúlé kan dá èsúsú sílẹ̀ fún lọ́kà, bí a ti ń dá a fún ìgbéyàwó àti òkú. Lọ́dún yìí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ni kó kọ́kọ́ gba tirẹ̀, kí àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Igi gànmùgànmù má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹni tó bá ti pinnu láti jó, ẹ jọ̀wọ́, kó kọ ọ́ sára ọkọ̀ gbàgàdà: ti oko nìkan, kì í gbé ènìyàn. A kò ní bẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà á là o.