Èkúté ìwádìí: kí ó dé ọ̀dọ̀ wa náà

Ẹni tó bá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń du èkúté mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lè rẹ́rìn-ín. Nílé wa, pàkúté là ń dẹ fún un. Ṣùgbọ́n èkúté tí à ń wí yìí kì í ṣe ti inú àká àgbàdo. Wọ́n ti fi ohun àjogúnbá ènìyàn sí i lára, kí ó lè ṣe irú àìsàn tí ènìyàn ń ṣe, kí wọ́n sì dán oògùn wò lára rẹ̀ kí ó tó kan àwa.

Ní 1988, ìjọba Amẹ́ríkà fún Yunifásítì Harvard ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí èkúté kan tí jẹjẹrẹ máa ń tètè mú. Ilé-iṣẹ́ DuPont tó gba àṣẹ lórí rẹ̀ sọ pé olùwádìí kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn láìgbàyè, ó tún fẹ́ ìpín nínú ohun tí wọ́n bá fi èkúté náà rí. Ariwo ta. Ó di nǹkan bí ọdún 2000 kí wọ́n tó bá ìjọba ṣàdéhùn tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ẹ wá wo ti Iowa. Ní 2007, àwọn olùwádìí níbẹ̀ jábọ̀ èkúté tí wọ́n ṣe nítorí àrùn SARS. SARS ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n bá mú kí àtọ̀ rẹ̀ dì, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí Kòfídì dé ní 2020, tí àrùn náà kò ran èkúté lásán, wọ́n gbé e fún Jackson Laboratory ní ìpínlẹ̀ Maine, ìyẹn sì bí i, ó sì ń pín in fún àwọn ilé ìwádìí. Bí wọ́n bá dì í mọ́wọ́ ńkọ́?

Èyí tó kàn wá jù ni fòníkú-fọ̀ladìde. Oríṣiríṣi ni àbùdá tó ń bá a rìn, irú kan wà tí àwọn dókítà kárí ayé ń pè ní Bẹ̀nẹ̀. Orúkọ wa ni! Láti 1997 ni wọ́n ti ṣe èkúté tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ní Alabama, irú rẹ̀ sì wà ní Jackson lónìí fún ẹni tó bá béèrè. Ta ló máa béèrè fún wa?

A mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó sin èkúté náwó, ọkọ̀ òfuurufú náà ń gbowó. Wọ́n lè fi ọlẹ̀ tó ti dì ránṣẹ́, ó sì nílò náítírójìn olómi, ilé ìwádìí tí yóò gbà á sì nílò iná tí kì í lọ. Iná tiwa, ẹ mọ bó ṣe rí. Síbẹ̀, bí a bá ń pín in, èkúté díẹ̀ ni yóò kú, torí kò sí ẹni tí yóò tún ṣe ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Kútọnu àti ti Lomé ni pé, nígbà tí wọ́n bá tún ń fọwọ́ sí ìwé àjọṣe ìlera pẹ̀lú òkèèrè, kí wọ́n kọ èkúté wọ̀nyí sí i: ọ̀nà tí yóò gbà dé, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ àti owó iná. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Abomey-Calavi lè ṣe ìwádìí fòníkú-fọ̀ladìde nílé.